Àmì Ẹ̀yẹ Tí Kò Lórúkọ

Nígbà tí ìyàwó mi kú, orúkọ rẹ̀ bá a lọ. Mi ò fura pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní olóògbé. Àwọn ọmọ wa ń sọ pé Mọ́mì, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ láti kékeré. Àwọn aládùúgbò wa ní Ìsọlọ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ wa àgbà pè é tẹ́lẹ̀, kò pè é rárá mọ́. Bí mo bá ń kọjá, wọn a rọra kí mi, wọn a sì wolẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an nínú ilé, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́ mi mọ́.

Lọ́yà ni ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ ìdílé ló ń rí sí: ìgbéyàwó tó fẹ́ tú, ọmọ tí bàbá àti ìyá ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, opó tí ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àjàó Estate, níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí òrùlé bí ẹni pé yóò gbé páànù lọ. Bí bàálù bá ti ń bọ̀, yóò dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Bó bá kọjá tán, yóò máa bá a lọ láti orí ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bàálù ti bá òun parí ìjà ju adájọ́ lọ, torí ẹni tó ń bínú, bí wọ́n bá ní kó dákẹ́ díẹ̀, èébú tó kù á sọnù mọ́ ọn nínú.

Bí ọkọ àti ìyàwó bá wá bá a pé àwọn fẹ́ kọra àwọn sílẹ̀, kì í béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, “Ta ló ń wẹ ọmọ yìí láàárọ̀?” Lẹ́yìn náà, kí ni ọmọ ń jẹ lọ sílé ìwé, ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló ń bà á lẹ́rù? Mo ti rí bàbá kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì yẹn, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí kò lè lọ sílé.

Àìsàn tó pa á kò pẹ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wà láyé. Ará Èkìtì ni, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, Èjìgbò ní Èkó ló sì ń gbé. Lọ́jọ́ tí a sin ọmọ rẹ̀, kò jáde. Nílẹ̀ wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jókòó tì í, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Títí di òní kò mọ ibi tí a sin ín sí. Kò béèrè, èmi náà ò sọ.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ìyàwó mi wá bá mi nílé. Òun ló gba ọ́fíìsì náà. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, kì í lè jókòó kó má sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n sà, àwa lọ́yà àdúgbò ti pinnu,” ó ní. “A fẹ́ dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ ní ìrántí wọn. Àwọn lọ́yà kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdílé ni yóò máa kọ àròkọ. Ọdọọdún. Ẹni tó bá kọ ọ́ dáadáa jù, a ó pe orúkọ wọn, a ó sì fi ẹ̀bùn lé e lọ́wọ́.”

“Ẹ ó pe orúkọ ta ni?”

“Tiwọn, sà. Ti Àǹtí mi. Orúkọ wọn ni àmì ẹ̀yẹ ọ̀hún yóò máa jẹ́.”

Mo ní kó dúró kí n bu omi mu. Nínú kíṣìnnì ni mo ti rò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nínú gbọ̀ngàn tí èrò kún, ẹnì kan yóò dìde, yóò pe orúkọ ìyàwó mi sókè, gbogbo wa ó sì gbọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò tíì fẹ́ ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un pé a gbọ́dọ̀ lọ fi tó Màámi, ìyá ìyàwó mi, létí. Lójú ọ̀nà Èjìgbò ni mo ti kìlọ̀ fún un. “Kàn sọ fún wọn lásán ni o. Má ní kí wọ́n wá.”

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìsìnkú ká tó sọ pé wọn ò gbọdọ̀ débẹ̀,” ó ní. “Ayẹyẹ ìwé ni. Tíṣà ni wọ́n, inú wọn á dùn.”

Ọmọ Yorùbá ni òun náà. Ó mọ àṣà. Ó kàn rò pé ti ìwé àti gbọ̀ngàn yàtọ̀ ni.

Màámi gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó gbé omi àti ẹ̀pà wá. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. “Màámi, ẹ ò mà darúgbó rárá.”

“Mo darúgbó. Ojú tìẹ ni kò ríran dáadáa. Lọ́yà tí ò ríran, báwo lo ṣe ń ka ẹjọ́?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín yẹn ló ki ọmọbìnrin náà láyà. Ó fa bánà kan yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fọ́tò ìyàwó mi wà lórí rẹ̀ nínú aṣọ dúdú kóòtù, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀bùn lé ẹni tó bá borí lọ́wọ́.

Màámi wá gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí ẹni ń ṣe máàkì. Èdè Èkìtì ló fi sọ̀rọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo ènìyàn ni.

“Ta ló kọ orúkọ yìí?”

“Àwa ni, mà.”

“Ta ló sọ ọ́?”

Ọmọbìnrin náà wò mí.

“Èmi ni mo sọ ọ́,” Màámi ní. “Bàbá rẹ̀ fẹ́ òmíràn, mo ní èyí ni. Kí n wá jókòó, kí wọ́n pè é, kó má dáhùn, kí wọ́n wá pàtẹ́wọ́.”

“Ẹ ò ní láti débẹ̀, Màámi,” mo ní. “Èmi ni n ó lọ.”

“Ti jíjókòó kọ́ ni mo ń sọ. Ẹ óò máa kéde lọ́dọọdún pé ọmọ mi ṣáájú mi lọ. Lójú ayé mi.” Kò gbé ohùn sókè. “Ẹ ṣe ẹ̀bùn yín. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò. Bí mo bá kú, ẹ máa pè é bó ṣe wù yín.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká bánà náà fúnra rẹ̀, fọ́tò sínú, ó sì fà á lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ó ní ká jẹ ẹ̀pà.

Mo lè jiyàn. Ìyàwó mi ni, ó sì ti dàgbà kọjá ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ìyá rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ tó fi ń pa ẹ̀pà, mo ní, “A ti gbọ́, Màámi.” Mo ṣèlérí náà fún un lójúkojú. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà kò fi sí nínú ohun tí mo ń kọ yìí.

Wọ́n ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn kan ní Òṣòdì. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwọn àròkọ ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó borí jẹ́ ti ọmọbìnrin kan, ó kọ nípa ọmọdé tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn ní ibùdókọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, tó kọ́ láti má sunkún kí ẹni tó ń fi í sílẹ̀ má bàa bínú. Àròkọ náà dára. Mo fẹ́ fi han ìyàwó mi. Mo ti dìde lórí àga kí n tó rántí.

Ọkùnrin tó ń darí ètò ní, “Ní ìrántí akẹgbẹ́ wa kan tó ti lọ.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, mo ń dúró de nǹkan tí mo mọ̀ pé kò ní í wáyé, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ọmọbìnrin tó dá ètò náà sílẹ̀ ti kó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó mọ ìyàwó mi ń dínkù: òmíràn ti fẹ̀yìn tì, òmíràn ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Èmi ni mo ń gbé Màámi lọ fún àyẹ̀wò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Mo ń rí i pé ó lo oògùn. Mo ń bá a ra ẹja tí kò níyọ̀. Mo mọ ohun tí mo ń dúró dè, mo sì mọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kó tó lè dé, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Dókítà ní ìfúnpá rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Nígbà tí Màámi gbọ́, ó ní, “Kọ́kọ́ tọ́jú ara rẹ, ọmọ mi. Mi ò lè sin méjì.”

Ní oṣù tó kọjá, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, à ń dúró kó kàn wá. Fóònù mi dún. Akọ̀wé ètò náà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mi ò rí rí.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú, ìwé ètò ni mò ń tò. Ta gan-an ni wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀ fún? Kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lè mọ̀.”

Èjìká Màámi kan tèmi. Etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa.

“Lọ́yà kan ni,” mo ní. “Àjàó Estate ló ti ṣiṣẹ́.”

“Ká kọ ‘lọ́yà kan’ síbẹ̀, sà?”

“Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó dúpẹ́, ó pa fóònù. Màámi kò bi mí ẹni tó pè. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní ó ti kàn wá. Màámi na ọwọ́ sí mi, mo sì dì í mú títí ó fi dìde, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.