Ọdún Mẹ́ta tí Bàbá Mi Kò Fi Pe Ìpàdé

Àbúrò bàbá mi ló kọ́ mi ní ìtàn ogun tí ọba Gẹ̀ẹ́sì kan bá àwọn aṣòfin rẹ̀ jà. Akọ̀wé lọ́ọ̀yà ni ní Igbosere, yàrá rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò GCE. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á jókòó sórí àpótí, á ní, "Ó yá, kí ló dá ogun sílẹ̀?"

Mo máa ń kà á fún un. Ọba gbà pé Ọlọ́run ló fi òun jẹ, pé kò sí ẹni tó lè yẹ òun lọ́wọ́ wò. Ó ń bu owó lé ará ìlú láìbèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Ìlànà ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì tún di ìjà. Nígbà tí àwọn aṣòfin yarí, ó tú wọn ká, ó sì fi ọdún mọ́kànlá dá ìlú ṣe.

"Kí ló wá dé tó fi tún pè wọ́n?"

"Àwọn ará Skọ́tlándì gbógun dìde, kò sì lówó tí yóò fi jà."

"Ìyẹn ni kó o tẹnu mọ́. Kì í ṣe pé ó ronú pìwà dà. Àìní ló mú un."

Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba wa nígbà náà. Kò sí ilé aṣòfin kankan tí mo lè lọ wò kí n mọ bó ṣe rí.

Bàbá mi ni olórí ẹbí. Lọ́dún tí ìyá òun àti àbúrò rẹ̀ kú, ó wó yàrá ìyá náà tó kọjú sí títì, ó fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Kò bi ẹnikẹ́ni. Aṣọ ìyá àgbà ṣì wà lórí okùn nígbà tí àwọn bíríkìlà dé. Ní ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àbúrò rẹ̀ dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilé bàbá wa ni, kì í ṣe tiyín nìkan."

"Ṣé ìwọ lo fi mí ṣe olórí ni? Ọlọ́run ló ní kí n ṣáájú ẹ wáyé."

Bàbá mi ní ìpàdé ti parí. Odidi ọdún mẹ́ta ni kò fi pe òmíràn.

Lọ́dún kẹta, ìjì ká páànù orùlé wa lọ sójú títì. Bàbá mi rán mi láti yàrá dé yàrá pé kí kálukú mú owó páànù wá. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn fún mi: kó kọ́kọ́ pe ìpàdé. Ó pè é. Ìwé ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ wó ohunkóhun mọ́ láìbi ẹbí. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò rẹ̀ mọ̀. Bàbá mi ò kà á tán tó fi fà á ya.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń bu ògì fún un, ó ní, "Mo ti sọ fún ọlọ́pàá pé àbúrò mi ń halẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n ń bọ̀ wá mú un nírọ̀lẹ́."

Kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fọ abọ́, mo wọ bàtà, mo rìn dé Igbosere.

"Bàbá kékeré, ẹ má wá sílé lónìí."

"Ọlọ́pàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ ní Olówógbowó. Nígbà tí bàbá mi kó ọlọ́pàá méjì dé, wọn ò bá ẹnì kankan ní yàrá. Ó wojú mi. Mo ń ṣa ìrẹsì. Mo rò pé ẹ̀rù máa bà mí. Kò bà mí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí.

Bí àbúrò bàbá mi ṣe pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù lórí ilé náà nìyẹn. Ìdánwò dé, wọ́n bi wá ní ohun tó fa ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo sì yege. Bàbá mi kú kí ẹjọ́ tó parí. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ló wọ inú sàréè láti gba òkú rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń sunkún. Mo jókòó láàárín wọn, omi ò jáde lójú mi.

Wọ́n kó ẹjọ́ kúrò ní kóòtù. Ẹbí ò fi ẹnikẹ́ni ṣe olórí mọ́, ìpàdé ló ń pinnu gbogbo nǹkan. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń kún. Nígbà tó yá, a kì í ju márùn-ún lọ. Wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́.