Ẹrù Ìdánwò, Ẹrù Ìdíje

Ní ìlú, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní tálákà. Àmọ́ bí ọjọ́ ìdánwò ọkọ̀ bá kò, tí gbogbo wa bá dé etí adágún tó wà lọ́nà Erio, àwọn ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì á bẹ̀rẹ̀ sí í du ipò òtòṣì.

"Ẹ́ńjìnnì tèmi ti gbó."

"Kí ni ká ti wá pe tèmi? Kò gbéra mọ́ rárá."

Èmi á dúró tì wọ́n, fóònù tí mo fi ń ka àkókò á wà lọ́wọ́ mi, ojú á sì máa tì mí. Mi ò ṣe nǹkan kan o. Ìtìjú tó yẹ kó mú wọn tí kò mú wọn ni mò ń bá wọn gbé, ó sì máa ń wúwo láyà mi di alẹ́.

Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo jókòó sílé ní Aramoko láìníṣẹ́, ni ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi wọn ṣe ní kí n wá máa bá àwọn ka àkókò. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń wà, wọ́n á so ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo mọ́ ìdí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje, olúkúlùkù á sáré láti igi àmì kan dé èkejì. Ẹni tó bá yá, a ó fi í sí kíláàsì àwọn ayára; ẹni tó bá falẹ̀, kíláàsì àwọn arọra. A pín in bẹ́ẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì kékeré má baà máa mu omi tí ẹ́ńjìnnì ńlá ń ta sẹ́yìn. Ọgbọ́n tó dáa ni, bí kì í bá ṣe pé ibi tí wọ́n bá ti ń ṣàánú arọra, ayára á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì tuntun ni ẹ̀bùn kíláàsì àwọn arọra. Alhaja kan tó ń ta pákó ní Ilogbo, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń rú èéfín bí ààrò, mẹkáníìkì sì ti sọ fún un pé kò lè kọjá ìdíje kan sí i. Bí kò bá gba ẹ̀bùn yẹn, ó dágbére fún omi nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà rò pé òdodo nìkan ló ń gbóná lára mi.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé girama kan tó ti fẹ̀yìn tì sí Efon ló ni ẹ́ńjìnnì tó dáa jù lórí adágún. Ọjọ́ ìdánwò pé, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀, màmá tó sanra dáadáa, ó gbé àpò iṣu lé e, ó gbé kúlà omi tútù lé e.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ máa gbé, sà?"

"Mò ń mú ìyàwó mi ṣeré. Àbí òfin kọ̀ ọ́ ni?"

Òfin ò kọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà wọ́ kọjá bí aboyún tó ń gun òkè Efon.

"Ẹ bá mi bi Bàbá," ni Alhaja wí, "ṣé ọjà ni wọ́n ń ná lọ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀gá àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí kíláàsì àwọn arọra.

Ó kù díẹ̀ kí ìdíje dé, wọ́n ṣèpàdé. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù tí ẹnikẹ́ni bá gbé lọ́jọ́ ìdánwò, òun ni kó gbé lọ́jọ́ ìdíje."

Mo rò pé wọ́n á mọ ẹni tí mò ń bá wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kálukú ń wo ẹnì kejì. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló kín in lẹ́yìn: "Ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn kan wà níbí tí wọn kì í ṣe olóòótọ́." Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ọmọ tó ń jíwèé wò jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nìyẹn.

Ọjọ́ ìdíje, òun nìkan ló dé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Màmá ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà nílé."

"A ò ní lè gbéra láìsí wọn, sà. Àti iṣu, àti kúlà."

Alága ẹgbẹ́ wúkọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, àgbà ni wọ́n o."

"Àgbà náà ló kín òfin lẹ́yìn, Alága," ni Alhaja dáhùn. "Gbogbo wa la jọ pàtẹ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe rán ọlọ́kadà sí Efon nìyẹn. Nígbà tí Màmá dé, ó wé gèlè, ó gbé àpò iṣu sórí itan, kúlà wà níwájú ọlọ́kadà, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀ ń mú mi ṣeré níjọ́sí," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ṣebí mo bi yín pé kí ni iṣu ń ṣe nínú ọkọ̀?"

Ọ̀gá àgbà dì í lọ́wọ́ mú wọnú ọkọ̀. Wọ́n gbéra. Ní ìyípo àkọ́kọ́, a gbọ́ ohùn Màmá lórí omi ju ti ẹ́ńjìnnì lọ: "Ẹ rọra, ẹ má ta omi sí gèlè mi!" Ó sì rọra. Ó di arọra tòótọ́. Alhaja kọjá lára rẹ̀ nínú èéfín dúdú, ó kọjá igi àmì ṣáájú gbogbo wọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Àjẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ wá sétí omi láti wá gba tuntun.

Ọ̀gá àgbà kì í dáhùn kíkí mi mọ́. Ó máa ń dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò yẹ kó dùn mí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún ṣèpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé ìyàwó kì í ṣe ẹrù. Bí wọ́n ṣe jẹ́ nìyẹn.

Ní ìdánwò tọdún yìí, ìyàwó mẹ́rin ló jókòó sínú ọkọ̀ àwọn ọkọ wọn. Alhaja nìkan ló dá wà, ó sì tẹ ẹ́ńjìnnì tuntun náà dópin. Mo wo fóònù mi, ọkàn mi bàjẹ́.

"Kíláàsì àwọn ayára nìyí o, Alhaja. Ẹ̀yin lẹ máa kẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n á fi omi bò yín."

"Kí wọ́n fi bò mí," ó ní, ó ń fún omi kúrò létí ìborùn rẹ̀. "Kọ ọ́ bí o ṣe rí i."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.