Ooru Ni Ọmọ Oní-fíríìjì Yàn

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo pe ọmọ àbúrò mi ní olóríkunkun. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò sì fẹ́ kí ọmọdé máa bá mi jiyàn. Nígbà tó ní iṣẹ́ ìwádìí òfurufú lòun fẹ́ ṣe, mo ní kó yan ìmọ̀ ìràwọ̀. Kí ló tún kù? Ló bá kọ iṣẹ́ ẹnjiníà sínú fọ́ọ̀mù, ó ní bí ooru ṣe ń rìn lòun fẹ́ kọ́.

"Ooru kẹ̀? Ṣé èyí tó wà nílé yìí ò tó ọ ni?" ni mo wí.

Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan. Tó bá tún ọ̀kan ṣe tán, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á wá ní, "Ó ti ń tutù." Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo oníbàárà ń dúró dè. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ń tì í lójú.

"Mi ò rán ẹ nílé ìwé kó o lè wá jogún sípánà," ló wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí òfurufú tó kọ fọ́ọ̀mù sí fẹ́ mú. Bí wọn ò bá mú un, ilé ìwé nọ́ọ̀sì tí mo ti bá a wá ló ń lọ. Èmi ni mo sìn ín lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sì jókòó sẹ́yìn yàrá.

Ọ̀gá obìnrin kan gbé àpótí irin kékeré sórí tábìlì. Ó ní ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì ni, irú rẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an tó bá ń ṣiṣẹ́ lókè lójú òfurufú. Báwo la ṣe máa mú un tutù?

Ọmọkùnrin kan ní kí wọ́n fi fáànù sí i. Èmi náà mi orí, ó bọ́gbọ́n mu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ọmọ wa wí, "atẹ́gùn wo ni fáànù fẹ́ fẹ́? Kò sí atẹ́gùn lọ́hùn-ún."

Ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè; tèmi ò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Kí ni ìwọ máa ṣe?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Páìpù tí nǹkan olómi wà nínú rẹ̀ ni màá fi gbé ooru náà lọ sára irin pẹlẹbẹ tó kẹ̀yìn sí oòrùn, kó máa ti ibẹ̀ jáde lọ. Ẹ̀yìn fíríìjì náà máa ń gbóná, mà. Ooru kì í kàn ṣàdédé parẹ́, ẹ ní láti wá ọ̀nà fún un ni."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, mà. Ó ń tún fíríìjì ṣe." Ó sọ ọ́ ketekete, kò sì wolẹ̀.

Wọ́n mú un. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, ó ń tú ẹ̀yìn fíríìjì kan, ó sì tún ń dè é padà láìṣe nǹkan kan sí i. Sátẹ́láìtì tí ọmọ rẹ̀ ṣe páìpù rẹ̀ ti wà lókè. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n tan ẹ̀rọ inú rẹ̀. Tó bá gbóná jù, gbogbo iṣẹ́ àwọn ọdún wọ̀nyí ti jóná.

Fóònù dún. Ọmọ náà ò tilẹ̀ kí wa.

"Bàbá, ó ti ń tutù!"

Àbúrò mi pariwo débi pé téèlọ̀ òdìkejì ọ̀nà ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré wọlé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ mi ni," àbúrò mi dáhùn, ó gbé sípánà sókè. "Iṣẹ́ mi yìí náà ló ń ṣe."