Bí Sàfúrátù Ṣe Jí Kọ̀ǹpútà Ilé Ìgbẹ̀bí Láìsí Síídì

Ìdí Sàfúrátù kì í lẹ̀ mọ́ àga. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá rẹ̀ ní Adawlato, ọjà ńlá ìlú Lomé, bí wọ́n bá ní kó jókòó ti ọjà, kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní rí i mọ́. Á ti wà ní òdìkejì ọ̀nà lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe, á máa bi í léèrè ìdí tí wáyà pupa kò fi gbọdọ̀ kan dúdú. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Lomé, a máa sọ pé ọmọ òun ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ kó sí láṣọ.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2002, Sàfúrátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò ní ọ́fíìsì. Àpò èjìká rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti pè é pé ẹ̀rọ kọ̀ṣẹ́, ibẹ̀ ló ń sáré lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń pè é ni Véronique Ṣóbọ̀wálé, agbẹ̀bí kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní Tokoin Wuiti. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀ àgbà, àmọ́ Lomé ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí. Táńtì Véro ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn òyìnbó kan ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan ránṣẹ́ sí i, Sàfúrátù ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Òun náà ló jókòó, tàbí ká sọ pé ó gbìyànjú láti jókòó, fún oṣù mẹ́ta, tó ti inú régísítà, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, tẹ orúkọ gbogbo ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, àdúgbò, ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní, “Táńtì, ẹ jẹ́ ká kó àwọn régísítà yìí dànù. Aáyán ló ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ.”

Táńtì Véro kọ́kọ́ ṣiyèméjì, ó sì gbà. Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà níwájú ilé ni wọ́n kó wọn fún. Láàárín oṣù kan, gbogbo Wuiti ti fi orúkọ ọmọ ara wọn di ẹ̀pà jẹ.

Ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹwàá, kọ̀ǹpútà yìí kọ̀, kò jí. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà lẹ́tà funfun kan ṣoṣo ló hàn lórí rẹ̀, tó ń sọ pé òun kò rí sistẹ́mù. Sistẹ́mù yìí ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni òun. Bí kò bá sí, irin lásán ni. Fáírọ́ọ̀sì kan ló ti ba á jẹ́.

“Ṣé kì í ṣe pé kí o fi síídì gbé òmíràn sí i?” Táńtì Véro bi í.

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Táńtì. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ ibi tí wọ́n ń ki síídì sí. Kò ka nǹkan kan mọ́. Ibi tí wọ́n ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì sí náà ti kú láti ọdún tó kọjá.”

“Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́, Sàfù. Àwọn ìyá á ti Adakpamé wá. Ìdajì wọn ti sọ káàdì abẹ́rẹ́ nù. Kí ni mo máa fi mọ ọmọ tó kan?”

Sàfúrátù dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Régísítà tí wọ́n fi di ẹ̀pà ló ń rò. Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ títí ìka náà fi pọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú kọ̀ǹpútà náà, ó sì yọ dísíìkì rẹ̀ jáde, irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ wà nínú rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ yìí kò bá lè ka síídì, òun á gbé ọpọlọ rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn tó lè kà á. Níbẹ̀ lòun á ti da síídì sórí rẹ̀, òun á sì gbé e padà wálé. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan ni.

Ó fi ìborùn wé dísíìkì náà, ó sì gun ọ̀kadà, ó di Adawlato.

Wọn ò tíì dé ìkóríta kejì tí àwọn ṣọ́jà fi dá wọn dúró. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn kan ti da ìwé tó ń bú ìjọba sójú títì, wọ́n sì ń tú àpò gbogbo èèyàn wò. Ṣọ́jà kan tú ìborùn náà. Ó gbé dísíìkì náà lé ọwọ́, ó ń jù ú sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wo ìwúwo máńgòrò.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ má jẹ́ kó já bọ́,” ni Sàfúrátù fi Faransé bẹ̀ ẹ́.

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Orúkọ ni.”

Bó ṣe sọ ọ́ ló ti mọ̀ pé òun ṣìwí. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ta ni kò mọ̀ pé orúkọ àwọn alátakò ìjọba ni wọ́n máa fura sí ní ìlú yìí?

“Orúkọ àwọn ta ni?”

“Àwọn ọmọdé, Ṣẹ́ẹ̀fù. Àwọn ọmọdé tó gba abẹ́rẹ́.”

Wọ́n ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kó dúró de ọ̀gá wọn. Ó dúró nínú oòrùn fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n ní kó má ṣe rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yún un. Ó ń wo dísíìkì náà níbi tí wọ́n gbé e lé lórí táyà kan, ó ń rò ó pé oòrùn ń pa á, pé bí ọkọ̀ bá gbá táyà yẹn báyìí, ó parí. Ọ̀gá náà dé, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

“Wọ́n ní orúkọ àwọn ọmọdé lo kó síbí. Ó dáa. Kí lorúkọ wọn?”

Sàfúrátù la ẹnu. Oṣù mẹ́ta ló fi tẹ orúkọ wọ̀nyẹn. “Koffi, ọmọ Afi, Wuiti, abẹ́rẹ́ èéyi, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Mọ́síìsì, ọmọ Màtá, Adakpamé, ó ku ẹ̀kẹta. Àìná, ọmọ Gíréèsì, ó gba gbogbo rẹ̀ pé. Kossi, ọmọ Akouvi...”

Ó ka á títí ó fi lé ní ogún. Ọ̀gá náà gbọ́wọ́ sókè, ó ní, “Ó tó! Gbé irin rẹ, kí o máa lọ.” Sàfúrátù fi ìborùn wé e padà, ó sì gorí ọ̀kadà.

Jérôme, ọmọ ẹ̀yà Ewé kan tó ní ilé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Adawlato, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ̀rọ òun.

“Fòfó Jérôme, ẹ ṣàánú mi,” ni Sàfúrátù wí. Fòfó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀. “Ọ̀kan péré. Mo máa dì í padà bí mo ṣe bá a.”

“Bó o bá bà á jẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ẹ mọ ilé wa. Ibo ni mo máa sá lọ?”

Ó gbà, ó sì dúró tì í lórí.

Nígbà àkọ́kọ́ tó so dísíìkì náà mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà kò rí i. Nígbà kejì, kò tilẹ̀ tàn rárá. Lẹ́yìn tó ti tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ló tó rántí pé irin tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn dísíìkì, tí wọ́n máa ń sún láti fi hàn èwo ni ọ̀gá, èwo ni ìgbákejì. Ọ̀gá méjì ló kó sínú ilé kan. Ó sún un, dísíìkì sì fara hàn, ó sì pín sí apá méjì bí òun fúnra rẹ̀ ti pín in nígbà kan: apá kan fún sistẹ́mù, apá kejì fún orúkọ àwọn ọmọ. Ó ṣí apá kejì. Orúkọ wà níbẹ̀. Ó ń kọ́kọ́ dà wọ́n kọ sórí ẹ̀rọ Jérôme, kí wọ́n lè wà níbi méjì, ni iná bá lọ.

Ó bọ́ síta. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, láàárín àwọn alágbàárù àti àwọn tó ń polówó aṣọ, títí ó fi bá ara rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

“Kí ló ń lé ọ?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan régísítà tó di ìwé ẹ̀pà. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lọ, kò gbójú sókè.

“Ṣé o ti sọ fún Véronique pé ìwọ lo jẹ̀bi?”

“Wọ́n mọ̀, Ìyá mi.”

“N ò bi ọ́ bóyá ó mọ̀. Mo ní ṣé o ti sọ ọ́.”

Sàfúrátù fa aṣọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká a. Àárín ọ̀sán ni iná dé, ó sì sáré padà.

Ó da orúkọ àwọn ọmọ kọ tán. Ó wá kan apá sistẹ́mù, tí fáírọ́ọ̀sì ti bà jẹ́. Èyí ló fẹ́ nù mọ́ pátápátá kó tó fi tuntun sí i. Nílé ìgbẹ̀bí, lẹ́tà C ni apá náà ń jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ C. Ó tẹ àṣẹ náà. Ẹ̀rọ bi í pé gbogbo ohun tó wà lórí C ló máa ṣègbé, ṣé kí òun máa bá a lọ? Ìka rẹ̀ ti wà lókè bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Nínú ẹ̀rọ yìí, C kì í ṣe ti ilé ìgbẹ̀bí. Ti Jérôme ni. D ni ti ilé ìgbẹ̀bí ń jẹ́ níbí, nítorí ìgbákejì ni ó jẹ́. Díẹ̀ ló kù kó nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ.

“Kí ló dé?” ni Jérôme bi í.

“Kò sí, Fòfó. Òógùn ló wọ̀ mí lójú.”

Ó fagi lé e, ó tẹ D, ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ẹ̀rọ náà fi ètò kékeré tí dísíìkì fi ń dá jí síbẹ̀, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú síídì sistẹ́mù tí Jérôme yá a lé e lórí. Ó di ẹ̀rọ Jérôme padà bó ṣe bá a, ó sì gba ọ̀nà mìíràn padà sí Wuiti.

Ní ọjọ́rú, ó dá dísíìkì padà sáyè rẹ̀. Táńtì Véro àti Monique, nọ́ọ̀sì tó ń ràn án lọ́wọ́, dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó pẹ́, ó sì gbé àmì kan tó ń ṣẹ́jú jáde. Ó ti jí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ nǹkan kan. Sàfúrátù tẹ àṣẹ kí ó gbé sistẹ́mù kalẹ̀ láti inú ara rẹ̀, láìsí síídì, láìsí dísíkẹ́ẹ̀tì. Fún nǹkan bí wákàtí kan, kò yé rìn yí tábìlì po. Nígbà tí àwọ̀ búlúù tàn kárí ojú ẹ̀rọ, Monique pàtẹ́wọ́, Táńtì Véro sì ní, “Jésù, o ṣeun.”

Wọ́n ṣí orúkọ àwọn ọmọ. Monique tẹjú mọ́ ọn, àtẹ́wọ́ rẹ̀ sì rọlẹ̀.

“Àwọn ti oṣù keje dà? Láti oṣù keje ni mo ti ń tẹ̀ wọ́n fúnra mi.”

“Ibo lo ń kó wọn sí?”

“Ojú rẹ̀ níbí. Ibi tó ń kọ́kọ́ ṣí.”

Sàfúrátù gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ohun tí wọ́n bá kó sójú ẹ̀rọ, inú apá sistẹ́mù ló ń wà. Ó nu ún mọ́ pátápátá lánàá, kò sì bojú wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó nù ún. Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló bá a lọ.

Ó dojú kọ Táńtì Véro. “Táńtì, èmi ni. Èmi ni mo nù wọ́n. Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ kó régísítà dànù. Ẹ̀rù sì ti ń bà mí láti ọjọ́ Ajé, n ò lè sọ ọ́.”

Táńtì Véro gbọ́wọ́ lé e léjìká. “Èmi ni mo gbà fún ọ, Sàfù. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé ìwé náà fún ẹlẹ́pà.” Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé tuntun kan jáde. “Monique, àwọn wo lo rántí?”

Monique rántí mọ́kànlélógójì. Ní Ọjọ́bọ̀, bí àwọn ìyá ṣe ń dé, wọ́n rí méjìdínlógún mìíràn nínú àwọn tó mú káàdì lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Ẹtì, Sàfúrátù àti Monique ń fẹsẹ̀ rìn láti agboolé dé agboolé, ní Wuiti, dé Adakpamé lọ́hùn-ún lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú omi, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń kí àwọn ará ilé ní èdè Mínà, ní Faransé, ní Yorùbá. Àwọn kan bínú sí wọn. Obìnrin kan yọ káàdì ọmọ rẹ̀ láti abẹ́ ìrọ̀rí, ó ti fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ obìnrin mìíràn kò tíì gba abẹ́rẹ́ kejì rárá. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n wá kanlẹ̀kùn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kọkànlá, ó ku ọmọ mẹ́fà. Àwọn aládùúgbò ní àwọn òbí wọn ti kó lọ, bóyá sí ìlú Aného, bóyá kọjá bodè. Táńtì Véro ní ó tó, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Sàfúrátù kò lè fi í sílẹ̀. Títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, bó bá wà nínú ọkọ̀ tó rí obìnrin tó pọn ọmọ, á tẹ̀ síwájú, á kí i, á sì rọra bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ dákun, kí lorúkọ ọmọ yín?”