Ẹ̀wù Òtútù Pupa

Aládùúgbò mi kan ní Peckham kì í ya fọ́tò láìwọ ẹ̀wù òtútù pupa mi. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lẹ́wù yín." Á lọ dúró níwájú Big Ben tàbí Tower Bridge, á rẹ́rìn-ín, á fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. "Ìyá mi ò gbọdọ̀ mọ̀ pé òtútù ń pa mí."

Lọ́jọ́ tá a sin ín, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti Èkó wá tẹjú mọ́ mi. "Mummy, ẹ̀wù sister mi lẹ wọ̀ yẹn! Inú fọ́tò la ti ń rí i. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ ká sin wọ́n tán!"

Bí mo bá ní tèmi ni, mo ti tú àṣírí òkú nìyẹn. Mo bọ́ ọ fún un. Kò tiẹ̀ dúpẹ́. Mo wá ń gbọ̀n dúró de bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road.