Ọjọ́ tí Màmá pe orúkọ ọba

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Títí di ìsinsìnyí, orí mi ṣì ń wú!

Ọmọ Òṣogbo ni mí, Òkè-Fìà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ló gbé mi níyàwó. Orúkọ bàbá ọkọ mi ni Adéjùwọ̀n. Ọba kan ló ń jẹ́ orúkọ yẹn láyé àtijọ́, òun ló fún àwọn baba ńlá wọn nílẹ̀ tí wọ́n gbin kòkó sí. Orúkọ yẹn náà ló wà lára títì iwájú ilé wọn, àti ilé ìwé tó wà ní kọ́nà.

Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, àbí? Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ le jù mí lọ. Látọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ọkọ, wọn ò pe orúkọ ọkọ wọn rí; "Bàbá Fọlá", orúkọ àkọ́bí wọn, ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Títì ńkọ́? "Títì ọba" ni! Èmi náà bá wọn kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Bàbá ṣubú ní pálọ̀. Èmi àti Màmá, ìyá ọkọ mi, nìkan la wà nílé. Mo pe onítakisí kan, ó bi mí pé títì wo ni. Ṣé ẹ máa gbàgbọ́ pé "títì ọba" ni mo sọ? Ó bá forí lé títì ọba mìíràn! Àbí títì ọba mélòó ló wà ní Iléṣà?

Nígbà tó pè padà pé òun ò rí wa, ẹsẹ̀ Bàbá ti ń tutù. Mo lanu, orúkọ ò jáde. Ẹ̀mí ń bọ́ lọ, èmi ń ṣàlàyé géètì aláwọ̀ ewé! Ojú tì mí.

Ni Màmá bá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Títì Ọba Adéjùwọ̀n! Ṣé o gbọ́?"

Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ ti ọkọ wọn, wọ́n ń pe Bàbá bí a ṣe ń pe ẹni tó dákú. "Adéjùwọ̀n! Adéjùwọ̀n o! Ẹ má lọ o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá lajú!

Takisí dé, a gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé díẹ̀ ló kù kó di àrùn rọpárọsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wo Màmá títí, wọ́n ní àná ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí orúkọ àwọn ṣe ń dún lẹ́nu ìyàwó àwọn. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ọba ló ni orúkọ náà, àwọn kàn ń bá a jẹ́ ẹ ni, inú rẹ̀ ò sì ní bàjẹ́ pé wọ́n fi gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ọ̀wọ̀ dára, àmọ́ ẹni tó mọ ọ̀wọ̀ jù lọ ló mọ ìgbà tó yẹ ká gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, orúkọ ta ni ẹ ò lè pè? Bó bá di kàráǹgídá, ṣé ẹ máa pè é? Ẹ sọ tiyín fún wa.

Èmi tí mo ń tẹ orúkọ náà síbí yìí, ẹnu mi ò tíì lè pè é.