Ọ̀gá Nínú Dídi Èémí Mú

Ìlú tí kò lókun ni wọ́n ti yan mí pé kí n lọ kọ́ nípa ìlera àwọn tó ń wọ abẹ́ òkun. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìlaròó, níbi tí ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń fún wa níṣẹ́ ṣe tó. Ìpè dé láti Èkó pé kí a rán ẹnì kan wá. Ọ̀gá wa wojú gbogbo wa, ó ní èmi ni mo sún mọ́ omi jù, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ń wa yanrìn lódò Yewa, lápá Òkè-Ọ̀dàn. Bí mo ṣe di ọ̀mọ̀wé abẹ́ omi nìyẹn.

Dókítà tó kọ́ wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi àwòrán àwọn òyìnbó hàn wá, tí wọ́n gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń wo ẹja aláràbarà. Ó ní ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ omi, kí etí rẹ̀ má baà lu. Ẹni tó bá mutí, kó jókòó sílé. Mo rántí àwọn awayanrìn wa, tí ọ̀fìnkìn kì í fi sílẹ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, tí ògógóró sì jẹ́ ẹ̀wù òtútù wọn. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Ohun tí dókítà tẹnu mọ́ jù ni pé ẹni tó bá ń mí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ lábẹ́ omi kò gbọdọ̀ di èémí mú nígbà tó bá ń bọ̀ wá sókè. Omi ti fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni yóò máa wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná, bí kò bá sì rọ́nà jáde, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò ya. Mo ní èyí kò kàn wá. Ta ló ní sìlíńdà ní Òkè-Ọ̀dàn?

Mo kúkú délé tán. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Kútọnu, ó ti ra rọ́bà tí àwọn òyìnbó ń kì bọ ẹnu lábẹ́ omi, tòkunbọ̀ ni, pẹ̀lú okùn rẹ̀ gbọọrọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kò rí sìlíńdà rà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ fọkanáísà ní ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Wọ́n ti so ó pọ̀.

"Ẹni tó tà á fún mi ní 'sẹ́ bọ́n', pé ó dáa," ó ní. Ó parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Láti ìgbà èwe ló ti ń gbé garawa wọ odò, tí yóò di èémí mú títí yóò fi kó yanrìn kún un. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á ti máa pariwo pé ẹ gbà wá o, òun á sì yọrí, á ní kí ló dé. Nǹkan tó sọ ọ́ di olókìkí yìí gan-an ló fẹ́ gbé lọ bá ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí.

Mo bá a létí odò lọ́jọ́ tó fẹ́ dán an wò. Mo kọ́kọ́ ní kí fọkanáísà yí ẹ̀rọ padà, kí èéfín rẹ̀ má baà wọ inú okùn. Kò jiyàn, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan yìí sílẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì! Odò kì í kún kó bo ẹja lójú."

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó náà, ẹ máa tú èémí jáde bí ẹ bá ń bọ̀ wá sókè."

"Èémí tí mo fi ń jẹun, ìwọ ní kí n tú u dà sódò?" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Àbúrò, ká tiẹ̀ ní mo gbà. Bí omi bá ti bò mí báyìí, ọ̀fun mi á ti pa ara rẹ̀ dé. Mi ò ní í rántí."

Inú bí mi sí dókítà, ó bí mi sí Kútọnu. Mo wá bi ara mi pé kí ni èèyàn kò lè ṣe bó bá di èémí mú. Kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wo wá ni kì í sú ẹ̀gbọ́n mi? Nílé wa, bí ẹ̀gbọ́n bá ń bú àbúrò, àbúrò kì í dá a lóhùn, ó sì ti ń jẹ ẹ̀tọ́ yẹn lórí mi láti kékeré.

"Bí ẹ bá ti fẹ́ máa gòkè," mo ní, "ẹ máa bú mi. Ẹ rọra máa bọ̀, ẹ má sì dákẹ́ títí ẹ ó fi rí oòrùn."

Ó wò mí tìfura-tìfura. "Ṣé mo lè kan iṣẹ́ rẹ?"

"Ẹ kan gbogbo rẹ̀."

Ó ki rọ́bà bọnu tayọ̀tayọ̀, ó wọ odò lọ. Ìhó ń yọ lójú omi, ó ń yọ, ó sì dáwọ́ dúró. Èmi náà kò mí mọ́. Fọkanáísà káwọ́ lérí. Ìhó tún bẹ̀rẹ̀, kò já, ó gùn, ó ń bínú, ó ń sún mọ́ òkè díẹ̀díẹ̀. Orí ẹ̀gbọ́n mi yọ, ó fa rọ́bà jáde, kò kí ẹnikẹ́ni.

"—àti ọ̀gá yín tó rán irú ẹ lọ Èkó! Olórí kunkun! Aláìgbọ́ran!"

Ìdí ni mo fi jókòó sínú ẹrẹ̀, tomijé tomijé.

"Ẹ máa bú mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ẹ ò tíì bú mi tó."